Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Ìkẹjà: Ta Ni Orúkọ Rẹ̀ Wà Nínú Ìwé?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà)

  

Nígbà tí akọ̀wé sọ pé ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú ni n ó bá yín sọ lónìí, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín níwájú níbí. Ó ní, "Bàbá, ta ló fẹ́ wọ bàálù nínú wa?" Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ibì kan ní pápá Ìkẹjà ju ibi tí a ti ń já èrò sílẹ̀ lọ. Ẹ ó gbéra ní Ìkàrẹ́ lóru, ẹ ó gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ kọjá, nígbà tí ẹ bá fi dé ibẹ̀ ẹsẹ̀ ti wú. Ọmọ tí ó ń lọ sí òkè òkun sọ̀kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sunkún, ẹ̀ṣọ́ ń pariwo pé kí ẹ gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ sì yí padà sílé. Ṣùgbọ́n ilé ńlá tí ẹ kẹ́yìn sí yẹn, ibi iṣẹ́ ni. Irú wa ló kún inú rẹ̀: ẹni tí ń kó ẹrù sínú ikùn bàálù, ẹni tí ń wa ọkọ̀ tí ń fa ẹrù, ẹni tí ń rọ epo, ẹni tí ń gbálẹ̀, panápaná, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ojú wọn ti rí ni mo fẹ́ kí a gbọ́, nítorí pé irú ìwé tí wọ́n fi ń pín pápá náà ni wọn yóò gbé wá bá wa ní Àkókó níhìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tún gáréèjì kan kọ́ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ kan.

Ìgbà ogun Hitler ni wọ́n ti kọ́kọ́ la pápá sí Ìkẹjà. Ilé tí a mọ̀ yìí, ọdún 1972 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Pápá Schiphol tí ó wà ní ìlú Amsterdam ni wọ́n wò bí àwòkọ́ṣe. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1979. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nígbà náà. Ọmọ tí ó bá rí iṣẹ́ sí Nigeria Airways, ìdílé rẹ̀ á pàgọ́ ṣàríyá.

Nigeria Airways yìí, ọdún 1958 ni ó bẹ̀rẹ̀, ti ìjọba ni. Ní ọdún 2003 ìjọba pa á tì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún sìn ín, owó ìdágbére wọn kò jáde. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n wọ́de, wọ́n tò níwájú ọ́fíìsì. Ìgbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan bí ₦22.6 bílíọ̀nù, ìdajì gbèsè náà ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ní 2003, bí ₦130 ni dọ́là kan. Ní 2018 ó ti kọjá ₦300. Ìdajì tí wọ́n sì gbà, ìdajì tí owó ti jẹ lára rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ti kú, opó wọn ló gbé ìwé wá síbi àyẹ̀wò. Èmi kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti jìyà ẹ̀wọ̀n nítorí èyí.

Kí ló fà á? A lè sọ pé olè ni, a lè sọ pé ìjẹkújẹ ni, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: lọ́jọ́ tí wọ́n pinnu láti ti ilẹ̀kùn, kò sí owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó tì í. Wọ́n kọ́kọ́ tì í ná, wọ́n wá ń wá owó.

Ẹ gbọ́ èkejì. Iná jó ilé èrò abẹ́lé tí ó wà ní Ìkẹjà ní ọdún 2000. Ní 2003 ìjọba bá ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney ṣe àdéhùn pé kí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ òmíràn, kí ó máa gba owó lórí rẹ̀ fún iye ọdún kan, kí ó tó dá a padà fún ìjọba. Wọ́n ṣí i ní 2007, ilé tó dára ni, ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà dé. Ẹnì kan ní ọdún méjìlá ni ìwé sọ, ẹnì kejì ní ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Wọ́n gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Ẹ̀yin ará, bí àwọn tí lọ́yà yí ká bá lè jà báyìí lórí ìwé tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí, kí ni kí a sọ fún alábàárù tí kò fi ojú kan ìwé náà rí?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gòkè òkun díẹ̀. Bàálù Delta máa ń gbéra ní Ìkẹjà, á lọ tààrà sí Atlanta ní Amẹ́ríkà. Pápá ọkọ̀ òfurufú Atlanta, òun ni èrò ń wọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ó ń gba èrò tí ó lé ní mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún. Orúkọ ènìyàn méjì ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn ni Maynard Jackson, ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di olórí ìlú náà. Ọdún 1974 ni ó gorí oyè. Wọ́n ń múra láti kọ́ ilé èrò tuntun tí yóò ná nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là. Jackson yẹ ìwé wò, ó rí i pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí ìlú ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe, èyí tí ó ń kan aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìlú tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ni. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdá kan nínú mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn. Àwọn olówó fárígá, àwọn báńkì bínú, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Jackson kò yẹ̀. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì parí ilé náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ẹ ó sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Ní ọdún 1977, nígbà tí iṣẹ́ pápá yẹn ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kó pàǹtírí ní Atlanta daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ni wọ́n dìbò fún Jackson. Nígbà ìyanṣẹ́lódì wọn ti 1970, ẹ̀yìn wọn ni ó wà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, iye wọn ń lọ sí ẹgbẹ̀rún kan. Ọkùnrin kan náà ni o. Èmi kì í bú u fún ti pápá, iṣẹ́ akin ló ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé agbaṣẹ́ṣe ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé, orúkọ agbálẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ wa, pé ó gbọ́ èdè wa, kò tó. Àwa náà ní Àkókó ti dìbò fún ọmọ wa rí.

Ẹ padà sí Ìkẹjà. Ní ọdún 2022 ìjọba Buhari ṣe òfin tí ó ka iṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú sí iṣẹ́ tí ìlú kò lè ṣe aláìní, ó sì fi òfin de ìyanṣẹ́lódì níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pariwo. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ NAHCO tí ń kó ẹrù bàálù dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí owó oṣù. Bàálù ilẹ̀ òkèèrè dúró gbagidi, èrò kún ilẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ fi jókòó sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ wọn bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí òfin fi ní wọn kò gbọdọ̀ simi, kí ló dé tí owó rẹ̀ kò ṣe pàtàkì?

Èyí tí ó wà nílẹ̀ báyìí ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦712 bílíọ̀nù pé kí àwọn ará Ṣáínà, CCECC, tú inú ilé ọdún 1979 yẹn palẹ̀, kí wọ́n tún un kọ́. Ilé náà ti gbó, ó yẹ kí a tún un ṣe. Ìbéèrè mi kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tú u, níbo ni ẹni tí ń ta oúnjẹ, alábàárù, àti dírẹ́bà takisí yóò dúró? Bí wọ́n bá parí, àwọn wo ni wọn yóò pè padà, ní owó oṣù èlò? Ojú ewé wo nínú ìwé àdéhùn ni èyí wà?

Nítorí náà mo dábàá níwájú yín pé kí ẹ̀ka yìí yan ènìyàn márùn-ún lónìí, méjì láti gáréèjì, méjì láti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyá. Ìwékíwèé tí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí agbaṣẹ́ṣe bá gbé wá lórí ibi iṣẹ́ wa, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kà á. Kí a wá ọ̀dọ́ kan tí ó mọ òfin láti yunifásítì Àkùngbá, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní Yorùbá kí alága tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Owó ìdágbére, owó ìpalára lẹ́nu iṣẹ́, àti àyè fún àwọn tí wọ́n ń lò ó lọ́wọ́: bí mẹ́ta yìí kò bá sí nínú rẹ̀, kí ìwé náà padà síbi tí ó ti wá.

Alága, mo ti sọ tèmi. Ẹ jẹ́ kí a gba ìbéèrè, lẹ́yìn náà kí a yan àwọn ènìyàn náà kí ojú ọ̀run tó ṣú, torí àwọn ará Ọ̀kà ṣì ní òkè láti gùn.