Ẹni tí Ó Ń Dín Ara Kù Kò Gbọdọ̀ Dín Ẹran, Ẹja àti Ẹ̀wà Kù

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni ó pa á láṣẹ pé kí àwa olùkọ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ ṣókí lórí ohun tí yóò ṣe ara yín ní àǹfààní. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé nínú wa lónìí, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ara sísan àti bí a ti í dín in kù.

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá sanra ni a ń pè ní ẹni tí ayé yẹ. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọn dókítà a máa sọ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kí wọ́n dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí àtọ̀gbẹ, tàbí nítorí orúnkún tí ń ro wọ́n. Bí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn dé, kí ni wọn a kọ́kọ́ ṣe? Wọn a ní àwọn kò jẹ ẹran mọ́, àwọn kò jẹ ẹyin mọ́. Wọn a máa mu ògì lásán ní òwúrọ̀, wọn a sì fi ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú jẹ ẹ̀bà ní alẹ́. Nígbà tí oṣù méjì bá kọjá, aṣọ a ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣò wọ́n lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò ní lágbára mọ́, a sì máa rẹ̀ wọ́n láti òwúrọ̀. Kò ní pẹ́ tí sùúrù yóò fi tán, wọn a padà sí bí wọ́n ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, ara a sì tún padà dé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá fẹ́ dín ara kù, kí ó dín òkèlè kù, kí ó dín epo àti ohun dídùn kù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dín ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà nínú wa tí ó yẹ kí wọ́n fi kún un.

Iṣẹ́ tí amúaradàgbà ń ṣe

Amúaradàgbà ni orúkọ tí àwa olùkọ́ fi ń pe èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń mọ iṣan, awọ, irun àti ẹ̀jẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní purotéènì, orúkọ tí Gerardus Mulder, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Holland, kọ sínú ìwé ní ọdún 1838. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ó wà ní ipò kìíní. Gẹ́gẹ́ bí ògiri alámọ̀ ti ń fẹ́ kí a máa rẹ́ ẹ lóòrèkóòrè, bẹ́ẹ̀ ni ara ń gbó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Amúaradàgbà ni amọ̀ tí ó fi ń tún un ṣe.

Nígbà tí a bá dín oúnjẹ kù, ara a wá ohun tí yóò máa jó bí igi ìdáná. Ọ̀rá ni a fẹ́ kí ó jó. Ṣùgbọ́n bí amúaradàgbà kò bá tó nínú oúnjẹ, ara a máa yọ nínú iṣan pẹ̀lú, bí ẹni tí igi ìdáná tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń yọ igi àjà ilé fi dáná. Nínú kílò mẹ́rin tí ènìyàn bá sọ nù, ó lè ṣe é ṣe kí kílò kan jẹ́ iṣan àti irú rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀rá. Àwọn tí ó ti dàgbà ni èyí ń pa lára jù, nítorí pé iṣan a máa dín kù fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń ga. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá lọ, àtẹ̀gùn a di òkè lójú rẹ̀, bí ó bá sì ṣubú, dídìde a di iṣẹ́.

Àǹfààní méjì mìíràn tún wà níbẹ̀. Èkíní ni pé oúnjẹ tí amúaradàgbà pọ̀ nínú rẹ̀ a máa tètè yó ni, a sì máa pẹ́ kí ebi tó tún pa ni. Èkejì ni pé ara a máa ná agbára púpọ̀ láti da irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Nínú 100 kálórì tí ó wà nínú amúaradàgbà, ara a máa ná bí 20 sí 30 lórí dídà rẹ̀; nínú 100 tí ó wà nínú iṣu, gàárì àti ìrẹsì, bí 5 sí 10 ni; ti ọ̀rá kì í sábà ju 3 lọ.

Ìwọ̀n tí ó yẹ

Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé jáde ní ọdún 2007, a kà á pé 0.83 gíráàmù amúaradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara ni ó tó àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ní ojúmọ́ kan. Ìyẹn ni ti ẹni tí kò wá láti dín ara kù. Fún ẹni tí ó ń dín ara kù, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń fúnni ni kí ó jẹ́ 1.2 sí 1.6 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí obìnrin kan bá wọn 90 kílò, tí dókítà sì sọ fún un pé 70 kílò ni ó yẹ gíga rẹ̀, kí ó fi 70 ṣe ìṣirò, kí ó má ṣe fi 90 ṣe é, nítorí pé ọ̀rá tí ó lé kò fẹ́ amúaradàgbà púpọ̀. 70 lọ́nà 1.2 jẹ́ 84; 70 lọ́nà 1.6 jẹ́ 112. Nítorí náà, 84 gíráàmù ni kí ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lè ní bí 28 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó má ṣe kó gbogbo rẹ̀ jọ sí oúnjẹ alẹ́ nìkan.

Báwo ni a óò ti mọ 28 gíráàmù nínú àwo? Ẹyin kan ní bí 6 gíráàmù. Ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹja sísè, tí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ láìka àwọn ìka mọ́ ọn, a máa wọn bí 100 gíráàmù, amúaradàgbà inú rẹ̀ sì tó 25. Ẹ̀wà sísè tí ó wọn 200 gíráàmù ní bí 16. Ṣùgbọ́n gàárì gbígbẹ 100 gíráàmù kò ní ju 1 tàbí 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kálórì inú rẹ̀ tó 350. Ẹran kékeré tí a ń gé sínú ọbẹ̀, tí ó wọn 30 gíráàmù, kò ní ju 7 tàbí 8 lọ. Ẹ wò ó bí ọ̀kan ṣoṣo irú ẹran bẹ́ẹ̀ lórí òkìtì ẹ̀bà ti jìnnà tó sí ohun tí ara ń fẹ́.

Bí obìnrin tí a ń sọ yìí bá jẹ ẹyin sísè méjì àti 200 gíráàmù ẹ̀wà ní òwúrọ̀, tí ó jẹ ẹja ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ ní ọ̀sán, tí ó sì jẹ ẹran adìyẹ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀kọ díẹ̀ ní alẹ́, ó ti rí 78 gíráàmù. Ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ àti ẹ̀bà ni yóò fi èyí tí ó kù kún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé ẹran ń yọ́ ọ̀rá. Bí a kò bá dín òkèlè àti epo kù, ẹran tí a fi kún un yóò di ọ̀rá pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ní amúaradàgbà ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń dín ara kù máa jẹ ní àjẹyó. Ẹ̀pà 100 gíráàmù ní bí 25 gíráàmù, ṣùgbọ́n kálórì inú rẹ̀ lé ní 550. Epo púpọ̀ wà nínú ẹ̀gúsí pẹ̀lú. Mọ́ínmọ́ín sàn ju àkàrà tí a dín nínú epo lọ. Ní ti pọ̀nmọ́, ó ní amúaradàgbà, ṣùgbọ́n irú èyí tí ó ní kò pé. Kí a má ṣe fi í rọ́pò ẹja tàbí ẹyin.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni èyí. Àwọn baba wa tí wọ́n ń jẹ àdàlú, tí wọ́n sì ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, gbọ́n púpọ̀: ohun tí kò tó nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní i, ohun tí kò tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní i. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja kékeré àti wàrà tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe yóò ṣe iṣẹ́ náà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹran màlúù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun ń rí ìyẹ̀fun amúaradàgbà tí wọ́n ń tà nínú agolo. Kò burú, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún ẹni tí ó ń rí ẹja àti ẹyin jẹ.

Ta ni ń jẹ ẹran nínú ilé?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé, baba ni ó ni ẹran ńlá, àwọn ọmọ a pín èyí tí ó kù, ìyá tí ó se ọbẹ̀ a sì fi omi ọbẹ̀ àti egungun jẹ òkèlè. Bí ọmọ bá jẹ ẹ̀bà ṣẹ́kù, ìyá náà ni yóò jẹ ẹ́ kí ó má bàa ṣòfò. Nígbà tí yóò bá fi tó ọmọ ogójì ọdún, ara rẹ̀ a ti tóbi, ẹnu gbogbo wa a sì wà lára rẹ̀ pé ó ń jẹun jù. Òkèlè ni ó jẹ jù. Ní ti amúaradàgbà, ebi ni ó ń pa á. Ara títóbi kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn jẹun rere. Nítorí náà, baba tí dókítà bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó dín ara kù, kí ó wo àwo tirẹ̀, kí ó sì wo àwo ìyàwó rẹ̀, kí ó tó sọ̀rọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Kì í ṣe ẹyin ni ń sọ ọmọ di olè. Bí àgbà inú ilé bá ń dín ara kù, kí ó má ṣe gba ti ẹnu ọmọ, nítorí ọmọ ń dàgbà lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá kò gbọdọ̀ fi amúaradàgbà kún oúnjẹ rẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà. Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó dín òkèlè kù, kí ṣúgà ara rẹ̀ má bàa lọ sílẹ̀ jù. Aboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ dá ara wọn lójú láti dín ara kù. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru sì ṣọ́ra fún iyọ̀ tí ó wà nínú ẹja oníyọ̀ àti nínú màgí.

Ẹ má sì ṣe kánjú. Ìdajì kílò sí kílò kan ní ọ̀sẹ̀ ti tó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ máa rìn, ẹ máa gbé ohun tí ó wúwo níwọ̀n, ẹ máa fi ọwọ́ ara yín roko ẹ̀yìnkùlé; iṣan tí a kò bá lò kò ní dúró, bí a tilẹ̀ jẹ ẹran odidi màlúù.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni a ní sí ẹgbẹ́ wa. Èkíní, níbi àsè ẹgbẹ́, kí a máa kọ́kọ́ bu mọ́ínmọ́ín, ẹja àti ẹ̀fọ́ sínú àwo, kí òkèlè sì jẹ́ àbùkẹ́yìn. Èkejì, kí àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀ bá wa ra òṣùwọ̀n kan tí ó dára, kí a gbé e sí ibi tí gbogbo ènìyàn lè dé, kí tọ̀túntòsì lè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ láìsan owó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè àti àwa tí a wà nílé ni a óò jọ ṣe é.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pàdé ní àmọ́dún pẹ̀lú ara tí ó fúyẹ́ àti ẹsẹ̀ tí ó lágbára. Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.