Ọmọbìnrin àti Dókítà Àwọn Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín yìí, ìtìjú ti bò ó mọ́lẹ̀ pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ìgbà tí oyún bá dé ni dókítà tó kan ọmọbìnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin ní Amẹ́ríkà ní kí ó kọ́kọ́ lọ láàrin ọdún 13 sí 15. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn kì í sábà yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé a ó fi mọ̀ bóyá ọmọ ti mọ ọkùnrin: kò sí àyẹ̀wò tí ó lè fi èyí hàn.

Ṣùgbọ́n bí ó bá pé ọdún 15 láìrí nǹkan oṣù, tàbí tí inú rírun nǹkan oṣù ń dá a dúró nílé-ìwé, ẹ má ṣe jáfara. Ní ti àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọdún 30 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀, 25 fún ẹni tí ó ní kòkòrò HIV. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni ti àwọn kékeré: láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, láìgba kọ́bọ̀. Ìyá tí ó bá sin ọmọ lọ, a bẹ̀ ẹ́, kí ó jáde díẹ̀, kí ọmọ lè dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ.