Ta Ni Yóò Máa San Owó Yìnyín?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn wa, tí í ṣe ògbufọ̀ pẹ̀lú, sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Bépanda, nílùú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. A tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́.

 

Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé àdúgbò yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Bépanda níhìn-ín, fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ilé ńlá kan ni, ní àárín ìlú kan ní òkè òkun. Hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ilé oúnjẹ wà, ṣọ́ọ̀bù wà, ní àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni pápá yìnyín wà, tí tọkùnrin tobìnrin wọ bàtà onírin, tí wọ́n ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà wo ni a ó ní irú èyí ní Douala? Ṣé a kò tó o ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sùn. Òun ni mo wá dáhùn lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo fẹ́ bá ọmọ náà wí. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ohun dáradára tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí i, n kò mọ ohun tí a lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àwa tí a dàgbà nílé mọ yìnyín. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọdé a sáré bọ́ síta láti ṣà á, wọn a jù ú sẹ́nu, kí ìyá wọn tó pè wọ́n wọlé ó ti yọ́ tán. Ọlọ́run ni ó ń fún wa ní ti èyí, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Yìnyín inú àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kọnkéré ni a kọ́kọ́ ń tẹ́, a ó sì ri páìpù kéékèèké mọ́ inú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí ilà ara ẹní. Omi iyọ̀ ni ó ń ṣàn nínú àwọn páìpù náà, nítorí pé omi iyọ̀ lè tutù ju omi lásán lọ kí ó tó dì. Ẹ̀rọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ bíi ti fìríìjì ni ó ń gba ooru lára omi iyọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni a ó wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sórí ilẹ̀. Bí èyí bá dì, a ó wọ́n òmíràn lé e, títí yóò fi nípọn tó ìbú ìka méjì.

Ooru tí a gbà kò ṣègbé o. Ó ní láti jáde síbìkan, ọlọ́gbọ́n onílé a sì darí rẹ̀ sínú omi tí àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì fi ń wẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti yìnyín kì í ṣe aláìlóye. Ohun tí ọ̀kan ń sọ nù ni èkejì ń lò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ etí òkun tí ó kún fún ọ̀rinrin jẹ́ ọ̀tá yìnyín. Bí ó bá wọlé, kùrukùru yóò bo pápá náà, omi yóò sì máa kán láti òrùlé. Ẹ̀yin tí òjò tí ó ju mítà 3 lọ ń rọ̀ lé lórí lọ́dọọdún, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ̀rọ mìíràn ni yóò máa gbẹ afẹ́fẹ́ náà, tọ̀sán tòru. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sinmi, iná mànàmáná ni oúnjẹ wọn.

Àwọn kan ti ṣe é, ó sì gbè wọ́n. Ní New York, nígbà tí wọ́n kọ́ Rockefeller Center, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní àgbàlá ìsàlẹ̀ kò rí oníbàárà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1936 ni wọ́n ṣí pápá yìnyín síbẹ̀, bí ohun tí kò ní ju ìgbà díẹ̀ lọ. Ó wà níbẹ̀ di òní. Ìlú òtútù ni ìyẹn, ẹ ó wí. Ó dára. Houston tí ó wà ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń gbé, ooru ibẹ̀ kò kéré sí ti wa. Ní 1970 ni oníṣòwò ilé kan tí ń jẹ́ Gerald Hines ṣí ilé ọjà tí a ń pè ní Galleria níbẹ̀, ó fi pápá yìnyín sí ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì sì yí i ká. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn tí ń wòran pọ̀ ju àwọn tí ń yọ̀ lórí yìnyín lọ, ebi sì ń pa ẹni tí ó ń wòran. Ilé oúnjẹ ń pa owó, ṣọ́ọ̀bù ń san owó ilé, owó wọ̀nyí ni a fi ń bọ́ ẹ̀rọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó ní owó lọ́wọ́ ni ó wà ní àyíká rẹ̀ lójoojúmọ́, iná ibẹ̀ kì í sì í ṣẹ́jú bíi tiwa.

Ẹ má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni a ti rí irú rẹ̀. Etí òkun tí a wà yìí náà ni Abidjan wà. Nígbà tí Félix Houphouët-Boigny jẹ́ Ààrẹ Côte d’Ivoire, oníṣòwò ará Ísírẹ́lì kan, Moshe Mayer, bá ìjọba rẹ̀ dáwọ́ lé Hòtẹ́ẹ̀lì Ivoire ní Cocody, létí ọ̀sà Ebrié. Heinz Fenchel ni ó ya àwòrán ilé náà. Apá kìíní rẹ̀ ṣí ní 1963, ilé gogoro tí ó ju ogún àjà lọ sì tẹ̀lé e kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ìlú kékeré kan ni: ilé oúnjẹ lóríṣiríṣi, sinimá, ilé tẹ́tẹ́, ilé ìpàdé ńlá, adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́, àti pápá yìnyín. Àwọn oníròyìn òyìnbó kò lè sọ̀rọ̀ Abidjan kí wọ́n má dárúkọ yìnyín náà. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìgbà kìíní tí mo bá a pàdé nínú ìwé Faransé, wákàtí kan gbáko ni mo fi wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi pè é.

Ẹ kò ṣàì mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa láti Ẹjìgbò kún Abidjan fọ́fọ́. Àgbà kan nínú wọn sọ fún mi pé ọmọ òun fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín náà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àwọn tíṣà kó wọn lọ. Òun alára gbé ìlú náà fún ogójì ọdún, kò sì wọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rí. Mo bi í bóyá wọ́n dá a lẹ́kun ni. Ó ní rárá, ẹnikẹ́ni kò dá òun lẹ́kun. Iye tí wọ́n ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbẹ̀ ni ó dá òun dúró.

Ta ni ó ni owó náà? Kòkó àti kọfí ni ó gbé ọrọ̀ Côte d’Ivoire ró. Ìjọba ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, èyí tí ó bá sì lé lórí rẹ̀ nínú iye tí ọjà àgbáyé san, ọ̀nà àpò ìjọba ni ó ń gbà lọ. Àwa náà mọ irú ètò yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ṣe ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Bàbá bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, a sì gba nínú owó rẹ̀ lọ láìbi í. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ibẹ̀ sì ni bàbá mi ti kọ́ a, b, d. Tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn ní 1959, pápá ìṣeré Liberty ní 1960, Ilé Kòkó parí ní 1965, hòtẹ́ẹ̀lì Premier sì wà lórí òkè Mọ́kọ́lá. Àwa náà fẹ́ràn ilé gogoro, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Kí a má sì máa yin ara wa jù, ẹ rántí pé ní 1968 àti 1969 àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde nítorí owó orí, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn, nítorí pé àgbẹ̀ rí i pé ohun tí ó ń jáde lọ́wọ́ òun pọ̀ ju ohun tí ó ń padà sí abúlé lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a fi owó kòkó ṣe, ìwé tí bàbá mi kà kò béèrè pé kí a máa fi ẹ̀rọ gbẹ afẹ́fẹ́ yí i ká. Iná a lọ, kò yọ́. Ilé Kòkó gan-an jóná ní 1985, ìwé náà kò jóná.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí ó ti rí ní Abidjan. Ní 1983 àti 1984, ọ̀dá dá, omi fà nínú àwọn odò tí wọ́n sé láti fi mú iná jáde, wọ́n sì ń pín iná fún ìlú bí ẹni ń pín oògùn. Owó kòkó já ní ọjà àgbáyé; Houphouët-Boigny kọ̀ láti tà á ní 1987, ó ní àwọn olùrà yóò bẹ òun. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Ní 1989, iye tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kílò kan já láti 400 fráǹkì títí ó fi di 200. Ààrẹ náà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gé fráǹkì CFA sí ìlàjì, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní Douala nígbà náà kò ní gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tí a ń rà ní òkè òkun, iye rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní òru ọjọ́ kan. Ogun dé ní 2002. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, iwájú hòtẹ́ẹ̀lì yìí gan-an ni àwọn sójà Faransé ti yìnbọn sí àwọn ará ìlú tí ó kóra jọ, ènìyàn sì kú. Ilé náà gbó. Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, ilé iṣẹ́ Sofitel gbà á ní 2011, ó sì tún di ibi ẹ̀yẹ. Ó dùn mọ́ mi. Yìnyín tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni ó ti di ìtàn tí àwọn àgbà ń pa.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà ni abúlé Blockhauss wà, ti àwọn Ebrié tí ó ni ilẹ̀ náà kí Abidjan tó di Abidjan. Orúkọ abúlé yìí ni ó mú mi padà sí Douala. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n wó ilé àwọn ará Dikolo ní Bali, nílùú yìí, nítorí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí a fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ fi ojú rí i. Àwa kà á nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tí ọmọ wa bá bèèrè ìgbà tí ilé olówó iyebíye yóò dé, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ń sùn sórí ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ọ sí, àti ohun tí a óò fún un kí kátákátá tó dé. Àjèjì ni a jẹ́ níhìn-ín. Ilé tí a háyà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ẹni tí ó sì háyà kì í sí nínú ìwé nígbà tí a bá ń san owó ìtánràn ilẹ̀.

Èmi kò lòdì sí hòtẹ́ẹ̀lì, n kò sì lòdì sí ilé oúnjẹ. Bí ọlọ́rọ̀ kan bá ra ilẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, tí ó fi owó ara rẹ̀ ṣe yìnyín, kí ó ṣe é, èmi fúnra mi yóò lọ wòran. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí owó ìlú wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí yóò ná wa ní ọdún kẹwàá sílẹ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ ìṣílé nìkan. Ẹ̀yin ará Bépanda kò nílò kí n là á yé yín. Pápá ìṣeré tí a kọ́ síhìn-ín nítorí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 1972 ṣì dúró. Ẹ mọ àtúnṣe tí ó gbà kí a tó tún lè gbá bọ́ọ̀lù ìdíje ńlá nínú rẹ̀, koríko lásán sì ni, kì í ṣe yìnyín. Kí wọ́n sì sọ ibi tí àwọn ìyá tí ń yan ẹja létí títì yóò wà nínú àwòrán náà. Bí kò bá sí àyè fún wọn nínú rẹ̀, àwọn wo ni yóò jẹun níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò bá ti lọ?

Ọmọ tí ó fi àwòrán hàn mí wà níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Houston ni ó ti ń nawọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí ó wá sọ tirẹ̀.