Wicca Nínú Ilé Mi: Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Wọ́n Pè Ní Àjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí arábìnrin wa kan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìlú Leeds, bá ìpàdé wa sọ.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀, nítorí mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹ̀sìn tí mo ń ṣe, àwọn kan nínú yín kò fẹ́ kí n wá. N kò bínú. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà ní ipò yín, ó ṣeé ṣe kí n sọ ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó dí ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣe Wicca ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ara rẹ̀ ní “witch”. “Àjẹ́” sì ni gbogbo wa ń fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bi mí lórí fóònù pé ẹ̀sìn wo gan-an ni mo ń ṣe. Mo dá wọn lóhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé etí ìyá wa ní Ìbàdàn, ó ti di pé ọmọ àwọn ti wọ ẹgbẹ́ àjẹ́. Ìyá mi kò gbé ìpè mi mọ́. Wọ́n gbé fọ́tò mi lọ sí ilé àdúrà, wọ́n sì gba ààwẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kò rò kí n tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn Ìyá wa jinlẹ̀ ju ohun tí fíìmù ń fi hàn lọ. A kì í dárúkọ wọn láìjúbà. Ṣùgbọ́n Wicca kì í ṣe ìyẹn rárá. Kò sí ẹyẹ òru nínú rẹ̀, kò sí ìpàdé orí igi ìrókò, a kì í sì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀sìn tuntun ni. Gerald Gardner, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè ní Malaya kí ó tó fẹ̀yìn tì, ló gbé e síta fún aráyé. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1735 tó sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀. 1951 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ní 1954, Gardner tẹ ìwé rẹ̀ Witchcraft Today jáde. Obìnrin kan, Doreen Valiente, tó wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1953, ló tún púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìsìn wọn kọ, òun ló sì fún un ní adùn tó ní.

Gardner sọ pé àṣà àtayébáyé ni wọ́n fi lé òun lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn, pàápàá Ronald Hutton, ti tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò rí okùn tí kò já láti ayé àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ń sọ èyí fún yín nítorí pé ó máa ń dùn mí. Ẹ̀yin ń jà kí ohun tí ẹ jogún má baà parun. Èmi ń ṣe ohun tí ẹnì kankan kò fi jogún fún mi, tí àwọn tó fi kọ́ mi pàápàá kò jogún. Síbẹ̀ a ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn England àti Wales ní 2021, nǹkan bí 13,000 ló kọ Wicca sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn, nígbà tí nǹkan bí 74,000 kọ Pagan.

Ní tiwa ńkọ́? Abala 210 nínú Criminal Code ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Abala yẹn kan náà dì mọ́ ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ọmọnìkejì rẹ̀. Mo máa ń rántí àwọn tó gbààwẹ̀ lórí fọ́tò mi, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀wọ̀n kan náà là bá jọ ṣe.

Kí ni mo wá ń ṣe lójoojúmọ́? Bí ẹ bá dé yàrá mi, ẹ ó rí abọ́ omi kan lójú fèrèsé, iyọ̀ nínú àwo kékeré, tùràrí, àti àbẹ́là. Iyọ̀ dúró fún ilẹ̀, tùràrí fún afẹ́fẹ́, àbẹ́là fún iná. Onílé mi kò gba iná nínú yàrá, nítorí náà àbẹ́là tó ń lo bátìrì ni mo ń tàn. Ó yẹ kí n ní ọ̀pá kékeré kan tí a fi ń fa àyíká sílẹ̀ nígbà ìsìn. Ọmọrogùn tí mo gbé láti ilé ni mo ń lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi òyìnbó rò pé ohun èlò òrìṣà ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Iṣẹ́ òru ni mo sábà máa ń ṣe. Kí n tó jáde, mo máa ń dúró níwájú fèrèsé yẹn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, n ó sọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe lóru náà. Òfin tí Wicca fún wa kò pọ̀: ṣe ohun tí ó wù ọ́, bí kò bá ti ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó dà bí òfin ọ̀lẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ó ti rẹ̀ mí dé egungun. Ó ku bàbá arúgbó kan tí ó yẹ kí n lọ wò ní yàrá ìpẹ̀kun, mo sì ti mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti wò ó. Kò sí ẹni tí ìbá mọ̀. Mo rántí ohun tí mo sọ níwájú fèrèsé. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo rìn dé ibẹ̀. Bàbá ń sùn. Kò sí ohunkóhun tó ṣe wọ́n. Mo padà wá kọ ọ́.

Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá yọ, a máa ń ṣe ìsìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí nílé ìwòsàn ni mo ti ń kí tèmi nígbà púpọ̀. Ọdún mẹ́jọ ló sì wà nínú ọdún, wọ́n ń tẹ̀ lé bí oòrùn ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Imbolc bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, tí àwọn àgùntàn ń bímọ. Mo gbìyànjú láti ṣe é ní Ìbàdàn ní 2017. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti là, mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé mo ń kí oòrùn káàbọ̀. Oòrùn tí kò lọ sí ibì kankan! N kò parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Samhain, ní 31 oṣù kẹwàá, ni mo fẹ́ bá yín sọ jù. Àwọn òkú ni a ń rántí lọ́jọ́ náà. A máa ń gbé àwo oúnjẹ kan kalẹ̀ fún wọn, oníkálukú a sì dárúkọ àwọn tirẹ̀. Ní 2014 ó kàn mí. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ orúkọ àti àpèjá. Mo la ẹnu mi láti pe bàbá tó bí ìyá mi, ohun tó jáde kò ju “Bàbá Àgbà” lọ. N kò mọ oríkì wọn. Èmi ọmọ Yorùbá, láàárín àwọn òyìnbó mẹ́fà, n kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ki bàbá mi àgbà.

Lóru ọjọ́ náà mo pe ìyá mi. Wọn kò gbé e. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò wọn obìnrin pé kí wọ́n bá mi béèrè oríkì Bàbá Àgbà. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún. Ìyá mi kò kí mi, wọn kò bèèrè àlàáfíà mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá wọn. Ó gùn. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, ohùn wọn yí padà, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé, “Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?”

Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tán o. Nígbà tí mo wálé, wọ́n rí abọ́ omi mi lórí tábìlì, wọ́n bi mí pé, “Omi ta nìyí?” Mo ní abo òrìṣà kan àti akọ kan ni à ń sìn, pé orúkọ wọn pọ̀, pé oníkálukú ló ń yan èyí tí yóò fi pè wọ́n. Wọ́n wò mí. “Ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun lo ń pè?” N kò ní èsì nígbà yẹn, n kò sì ní in lónìí. Mo ṣì ń ṣe Wicca. Ní Samhain mo ń ki Bàbá Àgbà ní Yorùbá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a sì dákẹ́ títí n ó fi parí.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni ọ̀rọ̀ tí n ó máa fi pe ara mi ní èdè wa. Àjẹ́ kì í ṣe tèmi, oṣó kì í ṣe tèmi, n kò sì lè pe ara mi ní oníṣẹ̀ṣe níwájú yín. Ìyá mi ti rí tiwọn. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi wọ́n léèrè mi, wọ́n á ní, “Ọmọ mi tó wà ní Leeds, òṣùpá ló ń kí.” N kò tí ì gbọ́ èyí tó dára jù ú lọ. Bí ẹ bá ní òmíràn, mo ń tẹ́tí sí yín.