Ara Ẹlẹ́gùn, Ohùn Òrìṣà: Ìdánwò Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Ọmọ Gbé Láti Ilé

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni ẹ pè mí wá sọ, kò sì sí ilé kan nínú ìlú yìí tí ìdánwò kò tíì kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ mú yín lọ jìnnà. Finland ni, ní àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí òjò dídì ti ń bo igbó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.6 lọ. Láti ọdún 1852 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn, ẹni tó bá sì yege ń dé fìlà funfun tí gbogbo ẹbí rẹ̀ yóò fi yọ̀. Ìdánwò ọ̀hún, tí bíírò àti tákàdá ti ń sìn láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, ni wọ́n gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà láàárín ọdún 2016 sí 2019. Ohun tó sì mú kí n fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ẹ̀kọ́ lónìí ni pé wọn kò kó kọ̀ǹpútà ìjọba jọ fún àwọn ọmọ náà, bí kò ṣe pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, èyí tó fi wo sinimá lálẹ́ àná, ni ọmọ kọ̀ọ̀kan há sábíyá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Mo mọ ohun tó sọ sí yín lọ́kàn. Ọmọ tó gbé ẹ̀rọ ara rẹ̀ wọlé, kò ha ti kó gbogbo expo ayé sínú rẹ̀? Ìfura yín tọ́, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Ètò tí wọ́n pè ní Abitti ni wọ́n fi dí ojú ògiri náà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ yóò gba fíláàṣì kékeré kan lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, yóò tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tó bá sì tan ẹ̀rọ náà, inú fíláàṣì ni yóò ti jí, kò ní jí láti inú ara rẹ̀. Ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà Linux tí ìgbìmọ̀ ìdánwò fọwọ́ ara wọn tò ló wà nínú fíláàṣì ọ̀hún, pẹ̀lú ohun èlò ìṣirò, ti ìyàwòrán àti ti ìkọ̀wé tí ọmọ lè nílò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí ọmọ ti tọ́jú pamọ́ sórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ yóò sùn síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó lọ́jọ́ ọdún, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín ju ẹni tó kàwé lọ: ara tí ẹ ń wò, ara ọmọ lágbájá ni, ẹsẹ̀ tó fi ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Olúkòso bá ti gùn ún, ohùn tí ń jáde kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, bí òrìṣà bá sì ti fi í sílẹ̀, kò ní rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ọmọ náà rí, nítorí pé ìdáhùn tó kọ kò sùn nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Wáyà ló ń gbé e lọ bó ti ń kọ ọ́ sínú ìyá-kọ̀ǹpútà tó wà nínú gbọ̀ngàn kan náà, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan. Bí ẹ̀rọ ọmọ bá kú láàárín ìdánwò, wọn yóò gbé òmíràn fún un, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó dé.

Kí wọ́n tó gbé ètò yìí jáde, ní ọdún 2013, ìgbìmọ̀ náà ké sí àwọn ọ̀jáfáfá kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n wá bá wọn díje, kí wọ́n wá ihò tí ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ lè gbà ṣe màgòmágó. Èyí wù mí gidigidi. Ìjọba wo nínú àwọn tí a mọ̀ ni yóò pe ènìyàn wá bú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èdè Jámánì, jọ́gíráfì àti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2016, wọ́n sì fi ìṣirò, tí àmì rẹ̀ ń dààmú ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, sílẹ̀ di ìgbà ìrúwé ọdún 2019. Kí ọjọ́ ńlá náà tó dé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi Abitti fún àwọn olùkọ́ láti máa fi ṣe ìdánwò kéékèèké inú kíláàsì, tó fi jẹ́ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni ó jẹ́ fún àwọn ọmọ, irú rẹ̀ kì í sì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wákàtí mẹ́fà ni ìdánwò kọ̀ọ̀kan lè gbà, àròkọ gígùn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ta ni yóò fi wákàtí mẹ́fà tẹ bọ́tìnnì tí ìka rẹ̀ kò mọ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n yà sílé díẹ̀. Ní ọdún 2013 ni JAMB tiwa ní Nàìjíríà kọ́kọ́ gbé ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì sórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di 2015, tákàdá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, kí ọmọ ṣáà tọ́ka sí ìdáhùn. Ẹ̀rọ oníbùdó ni ó ń lò, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì fojú kan ẹ̀rọ náà rí títí di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tó ń darí àjọ náà nígbà náà sunkún lójú gbogbo ayé nígbà tó ń kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ 379,997, ní ibùdó 157 ní Èkó àti ní ìlà-oòrùn gúúsù, ni ọ̀rọ̀ kàn tí wọn yóò tún ìdánwò ṣe, nítorí pé àtúnṣe tó yẹ sí àwọn ìyá-kọ̀ǹpútà tó ń sin agbègbè wọn kò wáyé. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹkún náà, nítorí pé àwọn aláṣẹ tí ń jẹ́wọ́ kò pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tó dà wá lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan yóò wí pé ìka kò dọ́gba, pé ọmọ alágbàṣe kò ní kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè yìí dojú kọ Finland náà, nítorí pé àwọn òbí ló kọ́kọ́ ń rà á, àfi ìgbà tí òfin ọdún 2021, tó sọ ẹ̀kọ́ di dandan títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18, gbé ìwé àti kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wọ̀nyí lé ọrùn ìjọba. Níhìn-ín, láìsí irú òfin bẹ́ẹ̀, èmi kò ní dábàá pé kí a fi dandan mú òbí kankan ra kọ̀ǹpútà.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà rò: bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kú pátápátá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì nínú, ìyá-kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó so wáyà pọ̀ nìkan ni yóò nílò ìnfátà. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ tèmi ni, ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan tó ní kọ̀ǹpútà tí wọn yóò yá ọmọ tí kò ní ni yóò bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò àárín sáà, lórí jọ́gíráfì nìkan. A ó sì kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ tí ń bẹ láàárín wa tí ọwọ́ wọn yá jù lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sapá láti fọ́ ètò náà, kí a sì sanwó fún ẹni tó bá rí ihò.