Bí A Ti Í Gba Ìtasẹ́yìn Ìbọn Ṣakabùlà

Ìró ìbọn ni a fi sọ Ogun Kírìjì lórúkọ, èyí tí àwọn baba wa jà láti 1877 títí di àdéhùn àlàáfíà 1886. Títí di òní, ṣakabùlà ṣì ń dún níbi ìsìnkú ọdẹ, ọ̀dọ́ tí kò yìn ín rí sì ń gbà á mú.

Agbára tí ẹ̀tù fi ń ti ọta síwájú, òun náà ni ó fi ń ti ìbọn sẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ yìnbọn má ṣe fi ẹ̀tù ṣe fáàrí; àpọ̀jù rẹ̀ lè mú kí ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí àgbà ọdẹ wọn ìwọ̀nba fún un. Kí ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó sì fi ìdí ìbọn ti kòtò èjìká ọ̀tún pinpin, kì í ṣe orí eegun. Bí àlàfo bá wà, ìbọn yóò gbá a bí òòlù. Bí kò bá sí, yóò kàn tì í ni.

A bẹ ẹ̀yin àgbà ọdẹ àdúgbò wa: ẹ kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí kí èjìká wọn tó yẹ̀.