Àkàsọ̀ Oyè Ìbàdàn àti Ìmọ̀ Inú Rẹ̀

Ẹgbẹ́ tàbí ìlú tó bá fẹ́ yí ètò rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìmọ̀ ètò náà wà, kó sì mọ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo mú, àkàsọ̀ oyè Ìbàdàn, kò jìnnà sí Ọjà Ọba tí a wà yìí. Ní ìlà Ọ̀tún, ẹni tí agboolé fi jẹ mọ́gàjí, tó wá di Jagun, ìpele tó lé ní 20 ló máa gùn kó tó dé Ọ̀tún Olúbàdàn, òkè ìlà náà lábẹ́ Olúbàdàn, ọba ìlú. Bákan náà ni ìlà kejì, ìlà Balógun, rí. Bí ẹnì kan bá kú lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú ìlà yẹn á sún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn máa ń yin ètò yìí pé kì í jẹ́ kí a jà du ìtẹ́. Lójú tèmi, èrè rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí olóyè tó dé òkè, á ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àgbà jókòó, á ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, á ti rí bí aáwọ̀ agboolé sí agboolé ṣe ń parí.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń gbé inú ènìyàn ju inú ìwé lọ, ni Nonaka àti Takeuchi, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Japan, kọ̀wé lé lórí ní 1995, nígbà tí wọ́n ń wádìí ohun tó ń mú ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wọn tẹ̀ síwájú. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ikú lè mú un lọ, àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Alùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ níbí, parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó. Ó kú ní 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ títí ó fi jáde ní 1921. Isaac Babalọlá Akínyẹlé ní tirẹ̀ tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Òun náà ló gun àkàsọ̀ oyè títí tó fi jọba ní 1955.

Ẹ wá wo àyípadà méjì. Ní 1936, orúkọ oyè Baálẹ̀ Ìbàdàn di Olúbàdàn. Orúkọ tó wà lókè yí padà, àkàsọ̀ kò mì, ó sì dúró títí dòní. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 2017, ní Mápó, ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí dé àwọn ìjòyè àgbà àti baálẹ̀ ládé, ènìyàn 21 lápapọ̀. Kì í ṣe pé wọn kò ṣèwádìí. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Boade darí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ó di ẹjọ́. Nígbà tí Ọba Sàlíù Adétúnjí, Olúbàdàn ìgbà náà, wàjà ní oṣù kìíní 2022, ìbéèrè tó yẹ kó ti ní ìdáhùn kí wọ́n tó dé adé kankan ló gba ìlú kan: ṣé ẹni tó ti di ọba tún lè sún sókè lórí àkàsọ̀ ìjòyè? Oṣù kẹta ni Ọba Lékan Balógun, tó rọ́pò rẹ̀, tó gba adé. Ìmọ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí olóyè bá sún sókè wà nílẹ̀ láàrin àwọn àgbà. Ìjọba kò fi ṣe òṣùwọ̀n fún àyípadà náà.

Ẹnì kan lè ní àwọn baba wa kò kọ nǹkan kan, ìlú sì tòrò. Òótọ́ ni pé ẹnu ló gbé ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ló ń pa ìtàn tirẹ̀ mọ́ lọ́nà tó gbè é, bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, ìwé ni adájọ́ máa kọ́kọ́ béèrè. Àtakò kejì ló le jù: pé bí a bá kọ àṣà sílẹ̀, a ti dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń dè é ni kí a kọ ìpinnu, kí a má kọ ìdí. Òfin Oyè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957 ti mú kí a kọ ọ̀nà ìjoyè sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́ sí oyè ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ. Kì í sọ ìdí tí àwọn àgbà fi fẹnu kò. Ẹni tó bá mọ ìdí ló lè tún nǹkan ṣe láìba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, ìwé ìrántí ni mo ń béèrè fún. Bí olóyè bá sún sókè, kí a kọ ọjọ́ náà, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí, ìdí tí wọ́n fi gbà, àti ipa tó máa ní lórí ìpele tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ̀dà kan wà ní Mápó, kí èkejì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ìlà Ọ̀tún yan akọ̀wé kan, kí ìlà Balógun yan ọ̀kan, kí a sì ka àkọsílẹ̀ náà sétí àwọn mọ́gàjí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.